Àjàyí Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kò Sọ Yorùbá Nù

Ní sáà yìí, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ní kí oníkálukú mú ẹnì kan tó ti kú tipẹ́, kí ó sọ ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn kan mú Mọremí, àwọn kan mú Awólọ́wọ̀. Èmi mú Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ má rò pé torí pé mo mọ̀wé jù ni o. Nǹkan méjì tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní sáà tó kọjá ló fà á.

Èkíní, máàkì 37 ni mo gbà nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa dá a padà.

Èkejì, màmá àgbà wa wá sọ́dọ̀ wa láti Ìpetumodù, ara wọn ò yá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò mi ọmọ ọdún méje nìkan ló wà pẹ̀lú wọn nílé. Màmá ní kí ó bá àwọn mú oògùn tó wà lórí àpótí, kí ó sì bu omi wá. Ilé-ìwé tí àbúrò mi ń lọ máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Nílé pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì la máa ń bá a sọ, kí ó lè tètè mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ omi, kò gbọ́ ìyókù. Ó bu omi wá, ó sì padà sídìí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo fi máa ti ilé-ìwé dé, màmá ò tíì lo oògùn. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn bi mí bóyá àwọn ṣẹ ọmọ yẹn ni, tí kò fi dá àwọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, àbúrò mi ò gbọ́ Yorùbá tó. Ọ̀nà wo wá ni ká gbà? Inú ìrònú yìí ni mo wà tí mo fi ka ìtàn Àjàyí. Ẹ gbọ́ ọ ná.

ỌMỌ ÒṢOGÙN

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i là ń sọ bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lásìkò yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1821, bí àwọn obìnrin ṣe ń se oúnjẹ lọ́wọ́, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn. Bàbá Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ òun máa sá lọ, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà tí wọ́n rí i mọ nìyẹn. Ọwọ́ tẹ Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Kò ju bí ọmọ ọdún méjìlá lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin kan, pàṣípààrọ̀ yẹn ò bára mu, wọ́n tún dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi í gba tábà àti ọtí. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Orí ló bá a ṣe é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ ojú òkun. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn Potogí yẹn, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ni Àjàyí gúnlẹ̀ síbẹ̀.

BÍ Ó ṢE KỌ́ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Freetown, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ìlú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni. Ìgbò wà níbẹ̀, Nupe wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ gan-an. Nítorí pé àwọn èèyàn wa ò lè kọjá lára ara wọn kí wọ́n má kí ẹ kú eléyìí, ẹ kú tọ̀hún, Akú ni àwọn yòókù sọ wọ́n. Ẹ wò ó, bí ọmọ Ìgbò bá fẹ́ ra iṣu lọ́wọ́ Akú, èdè wo ni wọ́n máa fi nájà? Gẹ̀ẹ́sì ni, títí kan èyí tí wọ́n là mọ́ra tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Àní kí òyìnbó tó dá sí ọ̀rọ̀ wọn rárá, àwọn adúláwọ̀ fúnra wọn nílò rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí ní ọgbà OAU níbí: ọmọ Kánò, ọmọ Ẹnúgu àti ọmọ Ifẹ̀ á jókòó sí kíláàsì kan náà.

Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Àjàyí kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, ara rẹ̀ ò gbà á kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ó tọrọ owó kékeré lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan, ó fi ra káàdì tí wọ́n kọ A, B, C sí, kí ó lè máa kà á nílé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá fi í ṣe mọ́nítọ̀, wọ́n ń san kọ́bọ̀ méje àbọ̀ ayé ìgbà yẹn fún un lóṣù, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ pa ìwé dé nìyẹn, tí mo ń ronú. Oṣù mẹ́fà! Èmi ti wà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì láti nọ́sìrì. Ṣùgbọ́n mo wá rí i pé kíkọ́ tí ó ń kọ́ ẹlòmíràn ti ràn án lọ́wọ́. Ohun tí èèyàn bá kọ́ láàárọ̀, tó fi kọ́ ẹlòmíràn lálẹ́, kì í tètè fò lọ. Kò ní kí Gẹ̀ẹ́sì tòun dán mọ́rán kí òun tó yanu.

Ní ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un lọ sí Ìlú Ọba, ó sì lọ sí ilé-ìwé ní Islington fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó dé ní 1827, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown. Òun wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé. Tíṣà ló wá di lẹ́yìn náà. Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí òun náà di tíṣà, ni ó fi ṣe aya. Susan ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn ìrìbọmi.

Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ yìí ló jẹ́ kí ó lè kọ lẹ́tà lọ́dún 1837, kí ó sọ bí wọ́n ṣe kó Òṣogùn lẹ́rú látòkè délẹ̀. Wọ́n tẹ lẹ́tà yẹn sínú ìwé, àwọn èèyàn òkè òkun kà á, títí dòní ni wọ́n ṣì ń kà á. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ni wọ́n kó lẹ́rú lásìkò yẹn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn mọ́. Ẹ̀rí tirẹ̀ wà nílẹ̀ torí pé ó lè fi èdè tí ayé ń gbọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni bá ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ò wúlò, kí ó ro tibí yìí wò.

Ó PADÀ SÍDÌÍ YORÙBÁ

Lọ́dún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba odò Ọya lọ sókè. Àjàyí wà lára àwọn tó lọ, pẹ̀lú àlùfáà ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ J. F. Schön. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀. Ohun kan hàn gbangba nínú ìrìnàjò yìí: Gẹ̀ẹ́sì lásán ò lè ṣiṣẹ́ náà. Ìlú tí wọ́n bá dé, àyàfi tí wọ́n bá rí ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọmọdé níwèé, àfi kí ó bá a sọ èdè tó ti ń sọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ní 1843, Àjàyí di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún yẹn náà ni ìwé rẹ̀ jáde, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, àti gírámà díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1844, ó fi Yorùbá ṣe ìsìn ní Freetown. Àwọn Akú tó ti pẹ́ nílẹ̀ àjèjì jókòó nínú ilé Ọlọ́run, wọ́n ń gbọ́ èdè ilé wọn lẹ́nu ẹni tó wọ aṣọ àlùfáà.

Ẹ rántí o, ọmọdé ni nígbà tó kúrò nílé. Yorùbá ọmọdé ló mọ̀. Ẹlòmíràn á ti jẹ́ kí ó rá, pàápàá nígbà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fún un lóúnjẹ. Òun lọ ń jókòó ti àwọn àgbà. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ń pa òwe, etí rẹ̀ á là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ tuntun sí i, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ó fi ọ̀nà tó gbà kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Yorùbá tirẹ̀ gan-an.

ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1845, òun pẹ̀lú Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Badagry. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tó ń retí wọn kú, ọ̀nà ò sì dán. Wọ́n dúró ní Badagry fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Oṣù kẹjọ 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta.

Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, ìyá rẹ̀ wọlé wá bá a. Ó ti tó bí ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Ìyá náà ti jìyà oko ẹrú, wọ́n ti tún un tà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó rà á padà. Ó ti sọ̀rètí nù pé òun lè rí Àjàyí mọ́. Wọ́n di mọ́ra, wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn, omijé ń dà.

Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ń rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá tó jáde lẹ́nu wọn tán, èdè wo ni wọ́n máa sọ? Àfàlá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ìwé tí Àjàyí ti kà ní Islington àti Fourah Bay, kò sí èyí tó lè fi bi ìyá rẹ̀ pé báwo ni ara. Yorùbá Òṣogùn tí kò jẹ́ kó sọ nù ni wọ́n fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi gbàgbé rẹ̀ ńkọ́? Á wà níwájú ìyá rẹ̀ bí àbúrò mi ṣe wà níwájú màmá àgbà wa, á sì nílò ògbufọ̀ kí ó tó lè gbọ́ ohun tí ẹni tó bí i ń wí.

Ní oṣù kejì 1848, Àjàyí fúnra rẹ̀ ló ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀, Hannah ni orúkọ tó gbà. Ìyá náà ṣì wà láyé títí di 1883.

ÈDÈ MÉJÌ, ẸNU KAN

Láti ìgbà yẹn, èdè méjèèjì ló ń lò. Ní 1851, ó wà ní Ìlú Ọba, ó bá Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Windsor. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú tó ṣì ń lọ ní Èkó fún wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń dún, ó fi ka Àdúrà Olúwa sí wọn létí. Ní 1852, gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ jáde. Òun àti àwọn mìíràn bíi Thomas King ń túmọ̀ Bíbélì díẹ̀díẹ̀, ó sì tó 1884 kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Èyí ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú bí a ṣe ń kọ Yorùbá lónìí, ibi iṣẹ́ yìí ló ti wá. Ìwé ara ògiri tí ẹ ń kà yìí náà jẹ ẹ́ lówó.

Kò fi mọ sórí Yorùbá. Ní 1857, ó tẹ ìwé ABD jáde fún àwọn Ìgbò, Simon Jonas tó jẹ́ ọmọ Ìgbò sì ń ràn án lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ó ṣiṣẹ́ lórí èdè Nupe náà. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oníṣà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa dé ipò yẹn nínú ìjọ Áńgílíkà. Lọ́dún kan náà, Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya, ọmọ Sàró ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ èdè ìlú tí wọ́n ń gbé, ògbufọ̀ ni wọ́n ń lò. Ìyẹn dín iṣẹ́ wọn kù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé, wọ́n ń tú iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Ní 1890, ó bínú kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì kú sí Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ dé góńgó ò ní kí wọ́n má rẹ́ ẹ jẹ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Herbert Macaulay, tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà bá ìjọba òyìnbó jà ní Èkó.

IFẸ̀ TI DÁN AN WÒ

Ẹnì kan lè sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn, pé ọmọ òde òní tó bá fi Yorùbá kàwé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á bàjẹ́ ni. Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà yẹn mú àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan ló ṣe wà, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀ ló lè yà sílé aládùúgbò kí ó sì mọ ọ̀nà padà. Bí Yorùbá bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á rí ibi dúró sí. Ohun tí Àjàyí fi ayé rẹ̀ ṣe ni Ifẹ̀ fi kíláàsì ṣe.

OHUN TÍ À Ń ṢE NÍLÉ WA

Èmi àti àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, yóò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sókè, èmi á máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín lè pa yín, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ló ń tún Oral English mi ṣe. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, kì í jẹ́ kó kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò kan èmi, màá pa àlọ́ fún un ní Yorùbá, màá sì ní kí ó tún un pa fún mi. Ó ṣì máa ń kó ahéré pọ̀ mọ́ ilé. Nínú tẹ́ẹ̀sì tá a ṣe kẹ́yìn, mo gba 48. Kò tíì tó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe 37 mọ́.

Màmá àgbà ti padà sí Ìpetumodù. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, a pè wọ́n lórí fóònù. Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí wọ́n kú ìrọ̀lẹ́, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn. Màmá dákẹ́ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju méjì lọ. Ẹ kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, torí a nílò rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa máa fi ẹni tó bá ṣì í sọ rẹ́rìn-ín, nítorí ìtìjú ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa yanu. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹni tó bá ní àbúrò nílé, ẹ kọ́ ọ ní èyí tí kò gbọ́ nínú méjèèjì. Káàdì A, B, C kan ni Àjàyí fi bẹ̀rẹ̀.